Ìdí Tí Àwọn Ẹ̀gà Fi Ń Sọ̀rọ̀ Pọ̀ Lẹ́ẹ̀kan Náà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò jẹun ni? Ẹ jẹ́ kó dún. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó fò fẹ̀ẹ̀, orí igi ọ̀pẹ ló bà sí. Ó bá àwọn ẹ̀gà níbẹ̀. Ó bá Àwòdì tó wá láti òkè òkun.

Àwọn ẹ̀gà ló ni ọ̀pẹ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá wọn sí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá ìyá wọn sí. Nígbà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á dákẹ́. Wọ́n lẹ́kọ̀ọ́ gan-an ni.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n ń jẹ tata lọ́wọ́, ni Àwòdì bá bà sórí imọ̀ ọ̀pẹ. Èékánná rẹ̀ dà bí ìwọ̀ ẹja.

"Ẹ kú ilé o."

Baálẹ̀ Ẹ̀gà dáhùn bí gbogbo wa ṣe ń dáhùn. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wá jẹun."

Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá jẹun, kí lẹ máa ń sọ?

Á gba ibi ire!

Ẹ ṣeun. Àwòdì ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó, ó jẹ tata tán, ó lá abọ́.

"Ilé yín mà dára o."

"Ilé yín náà ni," ni Baálẹ̀ wí.

"Ẹ gbọ́ o! Ó ní ilé mi ni." Ó bọ́ sí àárín ọ̀pẹ, ó ti gbogbo wọn sí ṣóńṣó imọ̀.

Ẹ̀gà kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọmọ méjì ló ní nínú ìtẹ́. Àwòdì yọjú wò wọ́n.

"Àwọn ọmọ yìí wù mí."

Àwẹ̀ró na ìyẹ́ bo àwọn ọmọ náà. Síbẹ̀, ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ló já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọ yín náà ni, bàbá."

Gbà! Àwòdì ki èékánná mọ́ èyí ẹ̀gbọ́n. Ìyẹ́ ń já bọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́! Mo kàn ń yẹ́ yín sí ni!"

"Ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ. Mò ń padà bọ̀ wá mú ìkejì."

Ó ku Málọmọ́, àbúrò rẹ̀, nìkan nínú ìtẹ́.

Baálẹ̀ bínú. "Èmi ni mo kí i káàbọ̀. Èmi náà ni màá lé e."

Ilẹ̀ mọ́, Àwòdì dé. "Ẹ kú ilé o."

"A ò fẹ́! Kúrò lórí ọ̀pẹ wa!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi Baálẹ̀ ni."

Gbà! Kò sí Baálẹ̀ mọ́. Àwòdì yó. Málọmọ́ rí ọjọ́ kan sí i.

Àwọn ẹ̀gà ní ẹnu ló ń kó bá àwọn. Wọ́n ní kí kálukú pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Àwòdì dé. "Ẹ kú ilé o."

Kẹ́kẹ́ pa. Imọ̀ ò mì.

"Kò sẹ́ni tó sọ pé rárá. Ẹ ti gbà nìyẹn." Ó gbé ọmọ kan nínú ìtẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Àwẹ̀ró. "Málọmọ́ ló kàn."

Àwẹ̀ró kó wọn jọ. "Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀, ó mú un. Bí a bá dákẹ́, ó mú wa. Bí a bá sì ń dákẹ́ báyìí lọ, àwọn ọmọ wa ò ní mọ orúkọ tí à ń jẹ́. Gbogbo wa ni ká jọ sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ohun tó bá wù yín. Ẹ ṣáà má dákẹ́."

Ẹ̀gà arúgbó kan yínmú. "Ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn."

"Màmá, ẹ̀kọ́ ti jẹ ọmọ mi kan."

Àwòdì dé. "Ẹ kú ilé o."

Gbogbo wọn bú sí igbe lẹ́ẹ̀kan náà! "Kúrò! Tata ti tán! Ilé ta ni? Ọ̀pẹ wa ni! Dá Baálẹ̀ padà!" Màmá arúgbó ló ń pariwo jù. Málọmọ́ náà ń ké, "Ìyá mi! Ìyá mi!"

"Ẹ sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan! Ta ló ní kí n kúrò?"

Ó yíjú sí ọ̀tún, ohùn ń bọ̀ láti òsì. Ó yíjú sí òsì, ohùn ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dì mú. Òòyì kọ́ ọ, ó fò lọ. Málọmọ́ dàgbà, ó bímọ sórí ọ̀pẹ kan náà.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀gà fi ń sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà títí dòní. Ẹ má pè é ní ariwo lásán.

Àwòdì ò tíì lọ sílé o. Ẹ wòkè lọ́sàn-án, ẹ ó rí i tó ń rà bàbà. Ó ń dẹtí sí ohùn ẹyọ kan.

Ibi tí àlọ́ mi bà sí nìyí. Bí mo bá parọ́, kí àwọn ẹ̀gà ẹ̀yìnkùlé wa dákẹ́ láàárọ̀ ọ̀la.