Bí Mo Ṣe Dọ̀bálẹ̀ fún Ẹyẹ Etí Ọ̀sà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìfarabalẹ̀ gbọ́rọ̀ àgbà. Èmi Ọdẹ́gbàmí, ará Òkè-Ìrókò, ìlú orí àpáta, èmi tí mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta kí irùngbọ̀n mi tó hù, ni mo fẹ́ sọ bí ẹyẹ ṣe sọ mí di ọmọdé. Mo ti fọ́nnu lójú ẹgbẹ́ ọdẹ pé kí oòrùn tó kan àtàrí, n óò ti gbé òfú, ẹyẹ ẹlẹ́nu bí àpò nì, bọ̀ láti etí ọ̀sà.

Nígbà tí mo débẹ̀, omi ti fà sẹ́yìn, ó fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, ẹyẹ sì kún orí rẹ̀ bí ẹni da ẹ̀gúsí sílẹ̀: lékeléke, agúfọn ọlọ́rùn gígùn, pẹ́pẹ́yẹ odò, àti àwọn kéékèèké ẹlẹ́sẹ̀ tínrín tí wọ́n ń sáré ṣa aràn jẹ. Òfin ọdẹ igbó ni pé ibi tí ẹran bá tẹ̀ ni kí ọdẹ tẹ̀. Ni mo bá tọ ipasẹ̀ ẹyẹ lọ, èmi tí mo wúwo tó àpò gààrí méjì! Ní ìgbésẹ̀ karùn-ún, ẹrẹ̀ gbé mi mì dé ìbàdí, omi ọ̀sà sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Ẹ̀rù bà mí, n kò purọ́.

Àwọn ẹyẹ pagbo yí mi ká, wọ́n ń wò mí.

"Irú ẹyẹ wo nìyí?" ni pẹ́pẹ́yẹ béèrè.

Lékeléke wo ìbọn mi, ó ní, "N kò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ló fi ń gbé ẹnu tirẹ̀ kiri."

Mo ké pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o!"

Agúfọn tó jẹ́ àgbà wọn na ọrùn, ó ní, "O wọ ilé onílé, o kò kí ẹnikẹ́ni. Dọ̀bálẹ̀!"

Èmi kẹ̀! Láti ìgbà tí bàbá ìyàwó mi ti kú, n kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo kàn fi ọwọ́ kan ẹrẹ̀ fẹ́ẹ́, bí àwọn géńdé ìsinsìnyí ti ń ṣe. Ẹrẹ̀ bá gbé mi mì dé àyà.

"Ó dọ̀bálẹ̀, inú rẹ̀ lóòró," ni agúfọn wí, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Omi dé ìgbọ̀nwọ́ mi. Mo ju ìbọn nù, mo na ara gbọọrọ, mo fi àyà àti àgbọ̀n lélẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin bàbá mi!" Ẹsẹ̀ mi bá yọ! Ẹrẹ̀ tó ń gbé ẹni tó dúró mì, ó gba ẹni tó dọ̀bálẹ̀ láyè. Mo fi àyà wọ́ dé èbúté, mo ń kí gbogbo ẹyẹ tí mo bá kọjá, títí dé kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Èyí ní kí n tún un kí, pé òun kò gbọ́ dáadáa.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọgbọ́n tí a fi jẹ ọ̀gá nínú igbó lè pa ni létí omi, nítorí náà ẹni tó bá dé ilé onílé, kó kọ́kọ́ kí onílé. Mo ṣì ń lọ síbẹ̀ wo ẹyẹ láìgbé ìbọn, ìyàwó mi kì í sì í béèrè ibi tí mo ti ń bọ̀, ẹrẹ̀ àyà mi ti sọ fún un. Ó dìgbà o. Kí ilẹ̀ tí ẹ ó tẹ̀ relé má ṣe gbé yín mì.