Ọmọ Aláró àti Ilé Ìkàwé Baba Rẹ̀

Láníhùn ló kọ́ ilé ìkàwé kan ṣoṣo tó wà ní ìlú Òkè-Àgbọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ ló po amọ̀ rẹ̀, ó sì ń tọ́jú àwọn ìwé inú rẹ̀ bí ọmọ tuntun. Ó gbé abọ́ omi sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ìwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ náà, kí Láníhùn sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn ò burú. Ọmọ ọlọ́mọ tó kọ́ níwèé níbẹ̀ kò lóǹkà.

Ṣùgbọ́n aláró ni Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀. Oyèníran, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ló sì máa ń bá a rẹ aṣọ. Bó fọwọ́ títí, aró kò ní kúrò níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà ni baba rẹ̀ ń dá a padà. Àwẹ̀ró bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó kúkú máa kọ́ ọmọ náà nílé. Láníhùn ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n bó bá dé, yóò jẹun, yóò sùn. A tún máa fọ́nnu láàárín ọ̀rẹ́ pé òfin òun kò mojú ọmọ. Ẹ wo ohun tí èèyàn ń fi yangàn. Nígbà tó yá, Oyèníran kò wá mọ́.

Ọjọ́ ogbó dé, Àwẹ̀ró sì ti kú. Àìsàn dá Láníhùn dùbúlẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ pé kó má jẹ́ kí ibẹ̀ parun. Oyèníran ní kó fọkàn balẹ̀. Ó tọ́jú baba rẹ̀ tọkàntọkàn títí ara rẹ̀ fi yá.

Láníhùn fi ọ̀pá tilẹ̀, ó lọ wo ilé ìkàwé. Àpò sìmẹ́ńtì ló bá níbẹ̀, wọ́n tò ó kan òrùlé. Oníṣòwò tó ni wọ́n sọ fún un pé Oyèníran ti ta ilé náà fún òun, pé àwọn ẹlẹ́pà sì ti fi àwọn ìwé di ẹ̀pà tán. Láníhùn jókòó sílẹ̀. Ilẹ̀ ni Oyèníran wá bá a.

"Kí ni mo fi ṣe ọ́, Oyèníran?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Oògùn yín ni mo fi owó rẹ̀ rà. Mo rò pé ìwé lásán ni. N kò mọ ohun tó wà nínú wọn, ẹ ò jẹ́ kí n wọlé rí."

Láníhùn mọ̀ pé òótọ́ ni ọmọ òun sọ. Ọmọ yìí fẹ́ràn rẹ̀, kò sí àní-àní. Òun baba ló ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ìlú, tó fi tirẹ̀ sílẹ̀ síta. Ó bú sẹ́kún, Oyèníran sì gbé e pọ̀n lọ sílé.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.