Omi Tí Ọkọ̀ Látúnjí Ń Mu

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, Látúnjí ń fọ ọkọ̀ rẹ̀ ní àgbàlá. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, ọ̀dà ti ń bó lára àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó fi ń kó búrẹ́dì tí aya rẹ̀ ń yan lọ sí àwọn abúlé orí òkè. Ó fún kàn-ìn-kàn-ìn ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó ké sí ìyá rẹ̀.

"Ìyá, ẹ bá mi bu omi wá. Òùngbẹ ń gbẹ èmi àti ọkọ̀ yìí."

"Ẹ jọ mu èyí tó wà nínú korobá yẹn," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

Wúràọlá, aya rẹ̀, gbọ́ wọn láti ibi ààrò búrẹ́dì, ó rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn.

Kí oṣù náà tó parí, àìsàn dá Látúnjí dùbúlẹ̀. Omi ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ó sọ. Ìyá rẹ̀ dìde láti lọ bù ú, ṣùgbọ́n kí ó tó gbé kọ́ọ̀pù dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ọmọ rẹ̀ ti lọ. Wọ́n gbé e lọ sin sí abúlé àwọn bàbá rẹ̀ lórí òkè. Kọ́ọ̀pù náà wà lójú fèrèsé, kò sí ẹni tí ó lè da omi inú rẹ̀ nù.

Nígbà tí Wúràọlá padà sẹ́nu iṣẹ́, tí òun fúnra rẹ̀ ń wa ọkọ̀ náà, ni ìṣòro bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti ṣáná sí i ní ìdájí, èéfín funfun á tú jáde láti ẹnu sàlẹ́ńsà, á nípọn, á dúró sí àgbàlá bí àlejò tí ń retí kí a kí òun. Òórùn rẹ̀ dà bí ti aṣọ tútù tí a fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀. Afẹ́fẹ́ kì í tètè gbé e lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ó rí i pé omi inú rédíétọ̀ ń gbẹ. Bí ó bá bù ú kún ní òwúrọ̀, kí ó tó ti abúlé dé, ó ti lọ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa iyanrìn abẹ́ ọkọ̀; gbígbẹ ni. Ó tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Páálí náà kò rin. Ọkọ̀ náà ń mu omi, kò sì sí ibi tí omi náà gbà jáde.

Ìyá Látúnjí kò bẹ̀rù. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń jókòó sínú èéfín náà, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Òun ni ó gba omi bíbù ṣe. Kọ́ọ̀pù ojú fèrèsé ni ó fi ń bù ú.

"Ìyá, ẹ wọlé, ọyẹ́ mú," ni Wúràọlá wí.

"Òùngbẹ ń gbẹ ọkọ rẹ. Mo pẹ́ jù lọ́jọ́ yẹn. N kò ní pẹ́ mọ́."

 Wúràọlá náà a máa dúró nínú èéfín náà nígbà tí kò bá sí ẹni tí ń wò ó. Ṣùgbọ́n Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Òòyì ń kọ́ ọ bí ó bá dìde. Lójú Wúràọlá, ó dà bí ẹni pé ohun tí ó mú ọmọ ti ń fa ìyá lọ.

Ó gbé ọkọ̀ náà tọ Ògúndèjì lọ, mẹkáníìkì àgbà tí ibùdó rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn ọkọ̀ tí kò lè rìn mọ́ tò sí lábẹ́ igi odán. Gbádébọ̀, àbúrò Látúnjí, awakọ̀ akẹ́rù, tẹ̀ lé e. Ògúndèjì kì í bi olọ́kọ̀ ní ohun tó ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀. Èéfín ni ó ń bi. Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà tutù pátápátá, ó ṣáná sí i, ó so aṣọ funfun mọ́ orí ọ̀pá, ó sì nà án sí ẹnu sàlẹ́ńsà.

"Bàbá, ṣé ọkọ̀ ni ẹ ń tún ṣe ni, àbí àlá ni ẹ ń bá a rọ́?" ni Gbádébọ̀ wí.

"Jẹ́ kí ẹni tí mo bi fèsì," ni Ògúndèjì wí.

Ó dúró títí oòrùn fi mú. Èéfín náà kò dín. Ó fa ọ̀pá tí a fi ń wọn òróró yọ. Òróró náà ti ki, ó ti dà bí ògì tí a pò mọ́ epo. Ó fún aṣọ náà, omi kán sílẹ̀. Nígbà náà ni ó sọ̀rọ̀.

"Bí èéfín bá dúdú, oúnjẹ ni wọ́n ń fún ọkọ̀ ní àjẹjù. Bí ó bá ní àwọ̀ aró, òróró ara rẹ̀ ni ó ń jẹ. Bí ó bá funfun, tí oòrùn mú tí kò lọ, omi ti wọ ilé iná. Omi kì í bá iná sùn ní yàrá kan kí ilẹ̀ mọ́ bá àwọn méjèèjì."

"Kí ni ẹbọ rẹ̀, Bàbá?" ni Wúràọlá bi í.

"Ẹ má bu omi sí i mọ́. Ẹ jẹ́ kó dákẹ́. N ó ṣí orí ẹ́ńjìnnì, n ó yọ gásíkẹ́ẹ̀tì tó jó, èyí tó yẹ kó pààlà sáàárín omi àti iná, n ó gbé orí náà lọ fún àwọn tí yóò fá a títí yóò fi tẹ́jú. Kò ní rìn títí Kérésì yóò fi kọjá."

"Àsìkò tí búrẹ́dì ń tà jù lọ nìyẹn."

"Mo mọ̀. Bí kò bá dunni, a kì í pè é lẹ́bọ. Ó sì ku ọ̀kan. Bí mo bá tún un ṣe, èéfín yìí kò ní jáde mọ́. Ṣé o lè fi í sílẹ̀?" Ó ká aṣọ náà, kò jẹ́ kí wọ́n tún wò ó. "Kí o sì gbé ìyá náà kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Májèlé ló ń fà símú. Kò sí ọmọ níbẹ̀."

Kò sí ẹni tí ó tíì dárúkọ Ìyá fún un.

 "N ó rú u," ni Wúràọlá wí. "Lẹ́yìn ọjọ́ ìsinmi, n ó gbé e wá."

Gbádébọ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi délé. "Ìyàwó wa, awakọ̀ wo ni kì í gbé kẹ́ẹ̀gì omi? Ibi tó bá ti gbóná, a fún un lómi, a ń lọ. Bàbá yẹn fẹ́ fi ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ṣeré."

"Ẹ gbọ́, ọkọ mi, ẹ má wà á."

"Wọn ò tíì pín ogún," ni ó wí.

Ní ọjọ́ ìsinmi, nígbà tí Wúràọlá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Gbádébọ̀ gbé ọkọ̀ náà. Ìyá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbé òun lọ sí ojú oórì Látúnjí. Ìyá jókòó sẹ́yìn, ó gbé kọ́ọ̀pù omi lé itan. Nígbà tí wọ́n fi gun òkè dé ìdajì, èéfín ti bo ojú ọ̀nà níwá lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì kérora, ó kú. Gbádébọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Omi gbígbóná fò sí i lójú.

Àwọn àgbẹ̀ tí ó sáré dé ibẹ̀ sọ pé àwọn kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ènìyàn méjì nínú èéfín náà, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n Gbádébọ̀ wà nílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, kò lè fọhùn. Ìyá nìkan ni ó wà nínú ọkọ̀. Kọ́ọ̀pù ọwọ́ rẹ̀ ti gbẹ.

"Ó ní ó tó," ni ó wí fún wọn. 

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà dé abẹ́ igi odán. Wúràọlá rú ẹbọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó rú u. Kérésì dé, àwọn ẹlòmíràn ń ta búrẹ́dì ní orí òkè. Ó jókòó sílé pẹ̀lú Ìyá, àgbàlá mọ́ kedere, kò sì sí ohun tí ó dúró níbẹ̀. Nígbà tí ọdún tuntun wọlé, Ògúndèjì ṣáná sí ọkọ̀ náà, ó na aṣọ funfun sí i. Aṣọ náà kò rin, kò sì yí padà.

Àwọn ará òkè ti ń retí Wúràọlá. Búrẹ́dì rẹ̀ ń tà dé ibi tí ó fi mọ ààrò mìíràn. Ikọ́ Ìyá lọ. Gbádébọ̀ kò wa ọkọ̀ mọ́, nítorí ojú kan ṣoṣo ni ó kù fún un. Ó ń jókòó ní gáréèjì, ó ń sọ fún àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó tutù. Àwọn méjì ni wọ́n jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó fi ṣe ẹbọ ń jẹ èrè rẹ̀. Ẹni tí ó fi ṣe ẹ̀rín ń kábàámọ̀.

Ní ìdájí, Ìyá ṣì ń gbé kọ́ọ̀pù jáde. Ó ń ṣí rédíétọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì tutù, bí Ògúndèjì ti kọ́ ọ, ó ń wo inú rẹ̀. Omi náà kún. Ó ń dé e, ó ń gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ padà wọlé.