Ìbọn Olókùn tí ó Mú Wa Dé Ìbọndákẹ́

Ẹ̀yin ọmọ Ìbọndákẹ́, ẹ fara balẹ̀. Àwọn ará ìlú mìíràn a máa fi ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ wọn yangàn. Tiwa kò ṣe é fi yangàn, ṣùgbọ́n òun náà ni a ní.

Láyọ́nù ni ó kó àwọn baba ńlá wa wá síbí. Láyọ́nù Arùbọnrìn, ọmọ erin tí í fẹsẹ̀ lànà fún ẹran kékeré, akin tí í gbé àrá léjìká. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wàjà, àwọn afọbajẹ fi àbúrò bàbá rẹ̀ jọba. Inú bí i, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde, ó sì gbé ìbọn tí bàbá rẹ̀ rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò etí òkun.

Ìbọn yìí kì í ṣe ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ ń lò. Kò ní òkúta tí í ṣáná. Okùn òwú tí a sè nínú omi eérú ni í fi í dún, okùn tí iná ń jẹ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín ti í jẹ ewé. Ẹni tí ó fẹ́ yìn ín yóò ki ètù àti ọta sí i lẹ́nu, yóò da ètù díẹ̀ sí ìdí rẹ̀, yóò sì tẹ ẹnu okùn náà bọ̀ ọ́. Bí okùn bá kú, igi lásán ni ó gbé dání. Ọ̀jẹ́tọ́lá, àbúrò Láyọ́nù, ni ó ń tọ́jú iná okùn náà. Ìdí nìyí tí ìdílé rẹ̀ fi ń jẹ oyè Olókùn-iná títí dòní.

Wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè kan tí obìnrin arúgbó kan ń bọ. Láyọ́nù bèèrè ibi tí ilé rẹ̀ wà. Arúgbó náà fi etí sí ihò àpáta, ó ní:

“Ibi tí àrá èjìká rẹ bá ti kọ̀ tí kò sán, ibẹ̀ ni ilé rẹ. Má ṣe kọjá ibẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Láyọ́nù. Ọba wo ni í tẹ ìlú dó níbi tí ojú ti tì í?

Wọ́n dé odò Ẹlẹ́ja. Ilẹ̀ ibẹ̀ dú, omi rẹ̀ tutù, ọ̀pẹ ibẹ̀ so jìngbìnnì. Àgbọ̀nrín kan yọ. Láyọ́nù na ìbọn sí i, òjò wínníwínní bọ́ sórí okùn, okùn kú. Ìbọn kò dún.

Mofọ́yèkẹ́, ìyálé láàrin àwọn opó bàbá rẹ̀, sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Ọkọ mi, ó ti kọ̀. A ti délé.”

“Ìyá, òjò ni ó pa okùn. Ìbọn kò kọ̀.”

“Háà! Àgbọ̀nrín ń lọ, ó tún ń wẹ̀yìn wò wá, ẹ ní kò kọ̀! Ṣé kí ó wá jókòó tì yín ni kí ẹ tó gbà? Àbí ìbọn yìí ló fẹ́ wa sílé?”

Ọ̀jẹ́tọ́lá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká dúró. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé ti wú.”

“Di okùn rẹ mú,” ni Láyọ́nù fi dá a lóhùn.

Wọ́n kọjá. Níwájú, ìbọn tún kọ̀. Ó ní atẹ́gùn ni. Lẹ́yìn náà, ó tún kọ̀. Ó ní ètù ti rin. Gbogbo ibi tí ó ti ṣe àwáwí ni a sin òkú sí. A sin Mofọ́yèkẹ́ náà sábẹ́ igi ẹmi, kò sì tún sí ẹni tí ó lè bá Láyọ́nù wí.

Nínú ọyẹ́ ni wọ́n gun òkè olókùúta tí a wà lórí rẹ̀ yìí. Àwọn aládùúgbò òkè náà rí wọn, wọ́n bu omi sínú akèrègbè, wọ́n mú màrìwò àlàáfíà lọ́wọ́, wọ́n ń bọ̀ wá pàdé wọn. Ọ̀jẹ́tọ́lá fi okùn lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

“Ẹ má yìn ín o. Màrìwò ni wọ́n mú dání. Ẹ jẹ́ kí n lọ kí wọn.”

Ó sọ̀ kalẹ̀. Eruku dìde, Láyọ́nù kò rí màrìwò mọ́. Ogun àbúrò bàbá rẹ̀ ni ó rò pé ó dé. Ó tẹ okùn bọ ètù. Lọ́jọ́ náà, ìbọn kò kọ̀, nítorí pé Ọ̀jẹ́tọ́lá ti tọ́jú iná rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn Ọ̀jẹ́tọ́lá ni ọta wọ̀, ibẹ̀ ni ó kú sí. Àwọn aládùúgbò náà sá, akèrègbè wọn fọ́, ilẹ̀ gbígbẹ mu omi náà tán.

Láyọ́nù gbé omi mímu tí ó ṣẹ́kù fún gbogbo wọn, ó dà á sórí okùn. Ó ní, “Ó ti kọ̀ báyìí. Ẹ sọ ẹrù yín.”

Wọ́n sọ ẹrù nítorí pé agbára ti tán. Bí a ṣe ń jẹ́ Ìbọndákẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí a kì í fi í yìnbọn níbi ìsìnkú, ìbáà ṣe ti ọdẹ. Ìdí nìyí tí àwọn obìnrin wa fi ń rìn jìnnà kí wọ́n tó pọnmi.

Láyọ́nù ránṣẹ́ sí arúgbó náà láti bèèrè bóyá ìbọn tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ pa lẹ́nu mọ́ ni ó ń wí. Wọ́n bá ibojì rẹ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí a bá fi ọba tuntun jẹ, a kì í lùlù, a kì í jó. Olókùn-iná a dúró níwájú rẹ̀, a ní, “Kábíyèsí, ṣé ibí ni?”

Ọba a ṣí adé, a kọjú sí gbogbo wa.

“N kò mọ̀.”

Lẹ́yìn náà ni a ó ṣílẹ̀kùn ààfin fún un.