Ẹni Tí Wọn Ò Tíì Kí

Ọ̀jọ̀gbọ́n Fágbohùn, olórí ẹ̀ka ní yunifásítì, jágbe mọ́ Morádéyọ̀, olùkọ́ tó kéré jù: “Ọkọ̀ àlejò tó fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ bàjẹ́ lọ́nà. Bí ẹnì kan bá jáde kó tó dé, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ nìyẹn!” Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń wo aago, ọ̀kan tilẹ̀ ti gbé báàgì. Ni Morádéyọ̀ bá gba gbohùngbohùn, ó kúnlẹ̀: “Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oyè yín. Ẹni tí mo bá ti kí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó síwájú. Olórí wa ni n ó kí kẹ́yìn.” Báàgì padà sílẹ̀. Ta ni yóò jáde láìgbọ́ oyè tirẹ̀? Òógùn bo Morádéyọ̀, ẹnu rẹ̀ ò sinmi, títí àlejò fi wọlé. Bó ti fẹ́ gbé gbohùngbohùn fún un, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fágbohùn tún fìlà rẹ̀ dé, ó ní: “Jẹ́ kí àlejò ní sùúrù ná. Kò tíì kàn mí!”