Ẹ̀rọ Àsàbí Tó Ń Ké

Olóyè Lánihún ní Káríìmù, alágbàro òun, ló jí òrùka wúrà òun. Bí Àsàbí tó ń tún rédíò ṣe kò bá fi ẹ̀rọ awárin tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, èyí tó máa ń ké bó bá kan irin tàbí wúrà, wá a jáde kí oòrùn tó wọ̀, àgọ́ ọlọ́pàá ni Káríìmù ń lọ. Bí Àsàbí ti gbé ẹ̀rọ náà kọjá níwájú Olóyè ló figbe ta. Olóyè ní, "Wáyà jákujàku wo lèyí?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, Àsàbí sorí kọ́. "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ jẹ́ ká wá ibi tó ti bàjẹ́." Ó tún wáyà tó ká sórí ọmọrí ike so, ó ní kí gbogbo wọn bọ́ aago, kí wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó gbé e yí Káríìmù ká, kò dún. Ó gbé e dé àyà Olóyè, ó tún ké. Olóyè tọwọ́ bọ àpò bùbá rẹ̀, ó kan òrùka tó bọ́ pamọ́ nígbà tó fẹ́ jẹ iyán lọ́sàn-án. Kò lè gbójú sókè mọ́. "Ẹ̀rọ mi ò bàjẹ́, bàbá," ni Àsàbí wí. "Ó ku ẹni tí ẹ máa bẹ̀."