Òkété Dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Sílẹ̀ Nínú Igbó

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Àlọ́ tèmi yìí kò fò sókè, kò fò sílẹ̀. Inú ihò kan ló kó sí, ibẹ̀ náà ló sì há sí.

Ẹkùrọ́ ni Òkété fẹ́. Kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó fẹ́ ẹkùrọ́ tó máa jẹ títí ọyẹ́ yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀, kò sì fẹ́ rìn dé ìdí ọ̀pẹ. Ó ti ronú sí ọ̀rọ̀ náà gidigidi. Ó ronú débi pé ó rẹ̀ ẹ́, ó sùn lọ. Ìgbà tó fi máa jí, àlejò mẹ́ta ti wà lẹ́nu ihò rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni Àgbò, tó sá kúrò nílé Bàbá Líádì torí pé ọdún Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ti rí i tí Bàbá Líádì ń pọ́n ọ̀bẹ, tó ń wo òun, tó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Èkejì ni Tòlótòló. Kérésì lòun ń sá fún. Kérésì ṣì jìnnà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun kì í yára rìn. Ẹ̀kẹta ni Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀.

Òkété bi í pé, "Ìyá, ọdún wo lẹ̀yin ń sá fún?"

"Tèmi ò ní ọdún," Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ dáhùn. "Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti rántí mi ni."

Gbogbo wọn tẹrí ba láti bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó gbé wọn wá ni pé wọn ò mọ igbó gbé. Àgbò ti dé etí odò, ó sì dúró láti àárọ̀ títí dọ̀sán, ó ń retí ẹni tó máa bu omi sínú abọ́ fún un. Tòlótòló rí ilẹ̀ tó kún fún kòkòrò, ó ní òun ò lè jẹ ohun tí ẹnikẹ́ni ò fọ́n fún òun. Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ ní tirẹ̀ sùn sínú èèsún, ó wá ń ké títí ilẹ̀ fi mọ́ pé kí ẹnì kan dákun bá òun ti ilẹ̀kùn.

"Tí mo bá padà sílé," ni Àgbò wí, "ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa fi mí ṣe. Tí mi ò bá sì padà, ebi ni. Ẹ̀gbọ́n Òkété, ẹ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń gbé inú igbó."

Òkété ò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹrù wọn ló ń wò. Àgbò gbé èèpo iṣu gbígbẹ, Tòlótòló gbé àgbàdo, Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ sì gbé odidi àpò ẹkùrọ́ kan, ẹkùrọ́ tó ń dán bíi pé wọ́n fi òróró pa á.

Òkété tọ́ irunmú rẹ̀. Ó dúró ṣánṣán.

"Ẹ máa pè mí ní Tíṣà," ó ní. "Ṣé ẹ mọ ìdí tí igbó ò fi dá yín lóhùn? Òórùn oúnjẹ ilé ló ń gbọ́ lára yín, inú sì ń bí i. Ẹ sọ ẹrù yín kalẹ̀, kí ẹ gbẹ́ ihò tí a máa kó o sí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yege, ẹ máa gbà á padà ní pípé."

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ ki imú bọlẹ̀, ó ń gbẹ́. Àgbò ń fi ìwo tú òkúta, Tòlótòló sì ń sọ fún wọn bó ṣe yẹ kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ihò náà jìn, ó sì tutù. Ó dára ju ilé Òkété fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín níbí. Òkété tó ní làákàyè kì í gbé inú ihò ẹlẹ́nu kan. Wọ́n á ní ẹnu kan tí wọ́n ń gbà wọlé, wọ́n á sì ní òmíràn lẹ́yìn, tí wọ́n rọra fi ewé bò, tí wọ́n máa gbà sá lọ bí ọdẹ bá fín èéfín sí wọn. Kí ojú wọn tó là ni ìyá wọn ti ń kọ́ wọn. Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá mọ̀ ọ́n.

"Tíṣà, ibo la máa dá ẹnu kejì sí?"

Òkété ronú. Ẹnu kejì túmọ̀ sí pé ẹnì kan lè gba ibẹ̀ wọlé nígbà tí òun bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹnu kan ti tó," ó ní. "Ẹ fún ìyẹn náà pọ̀, kó mọ níwọ̀n ara mi."

"Ihò ẹlẹ́nu kan, Tíṣà?"

"Ìgbàlódé ni."

Ni ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Òkété ní kí wọ́n sùn sílẹ̀ gbalaja, kí wọ́n fi etí kan ilẹ̀, kí wọ́n dijú, kí wọ́n má mira títí ilẹ̀ yóò fi kí wọn.

"Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti kí wa?" Tòlótòló béèrè.

"Ẹni tó bá ṣì ń béèrè, kò tíì kí i."

Wọ́n sùn sílẹ̀. Òkété yọ́ wọ inú ihò, ó jókòó ti àpò ẹkùrọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ikùn rẹ̀ ń yọ, egungun ìhà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń yọ.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ lajú. "Tíṣà, mo gbọ́ ọ. Ilẹ̀ ń jẹun. Ó ń ṣe kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí ẹni ń fi eyín fọ́ ẹkùrọ́."

Òkété tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. "Orí ló yọ yín. Iwin abẹ́ ilẹ̀ nìyẹn. Kò sí ohùn tí kò lè sín jẹ. Ó lè fi ohùn èmi gan-an pè yín lọ́jọ́ kan, ó lè búra pé òun ni Òkété. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ má yọjú sínú ihò náà rárá."

"Tó bá fẹ́ jáde ńkọ́?" Àgbò béèrè.

Òkété ò tíì ro ọ̀rọ̀ náà débẹ̀. Ṣùgbọ́n tíṣà ni, kò sì lè sọ pé òun ò mọ̀.

"Kí ìwọ Àgbò jókòó lé ẹnu ihò náà. Bó bá ṣe ń bẹ̀bẹ̀ tó ni kí o ṣe máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó, títí yóò fi dákẹ́."

Àgbò tún un sọ sínú ara rẹ̀ kó má baà gbàgbé. Akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa ni.

Nǹkan kan wá ṣẹlẹ̀ tí Òkété ò ṣètò fún. Ẹni tó fi etí lélẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, tí kò mira, tí ebi sì ń pa á, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan. Odò ti gbẹ lákòókò yìí, ṣùgbọ́n Àgbò gbọ́ omi tó ń rìn lábẹ́ yanrìn. Ó fi pátákò wa ibẹ̀, omi sun. Tòlótòló gbọ́ ikán tó ń jẹ igi gbígbẹ lẹ́bàá etí rẹ̀, kó sì tó mọ̀, ó ti gbé díẹ̀ mì. Ó ní àṣìṣe ni. Ó tún ṣe àṣìṣe náà títí ọ̀sán. Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ gbọ́ òórùn iṣu igbó lábẹ́ ilẹ̀, ó hú u, ó sì pín in fún Àgbò.

Wọ́n lọ dúpẹ́. "Tíṣà, a ti rí omi tó wà lábẹ́ yanrìn."

Òkété, tí wọ́n bí sínú igbó yẹn, ò mọ̀ pé omi wà níbẹ̀. "Mo ń dúró kí ẹ fúnra yín rí i ni," ó ní. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó sáré lọ mu ún.

Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti rí oúnjẹ fúnra rẹ̀ kò ní pẹ́ béèrè ẹrù rẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá, ó ní kí wọ́n sùn sílẹ̀, ó ní ẹ̀kọ́ àṣekágbá nìyí. Ó wọ inú ihò láti kó ẹkùrọ́ tó ṣẹ́kù lọ sílé.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkété kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ lásán, àpò ni. Ó kó ẹkùrọ́ kún tọ̀tún, ó kó o kún tòsì. Ó jẹ àgbàdo díẹ̀ kó lè lágbára láti gbé e. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, orí rẹ̀ ò gba ibẹ̀ kọjá. Ó yí padà, ó fi ẹ̀yìn ṣe iwájú. Ìrù jáde. Ìdí jáde díẹ̀. Ikùn ní òun ò lọ síbì kankan.

Ó lè tu ẹkùrọ́ náà sílẹ̀, kó padà sínú, kó sì dúró kí oúnjẹ dà. Ó rò ó. Ó wo ẹkùrọ́. Kò tu ú.

"Ẹ gbà mí o," ló ń wí pẹ̀lú ẹnu tó kún. "Èmi ni. Mo búra, Òkété ni."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn.

"Bó ṣe wí gẹ́lẹ́ ló rí," ni Tòlótòló wí. "Ó tilẹ̀ ń búra."

Àgbò dìde, ó lọ jókòó lé ẹnu ihò náà àti ìrù tó yọ síta. Bó ṣe jókòó tán, ó tẹ́tí sílẹ̀, ara rẹ̀ sì le gbagidi.

"Ẹ má mira," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹnì kan ń bọ̀. Ó wọ bàtà, ó sì ń tiro. Bàbá Líádì ni."

Tòlótòló àti Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ rá wọ inú koríko. Àgbò fẹ́ sá, ṣùgbọ́n tó bá dìde, iwin á jáde. Ó jókòó. Koríko gbígbẹ ga yí i ká, àwọ̀ rẹ̀ ò sì yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ó séèémí.

Bàbá Líádì yọ, okùn lọ́wọ́ kan, ewé ọdán tútù lọ́wọ́ kejì. "Àgbò mi, ọ̀rẹ́ mi," ó ń pè jẹ́jẹ́. "Wá jẹun. Ta ló bí ọ nínú?" Ó dúró síbi tí okùn náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Àgbò nímú.

Ohùn kan sọ̀rọ̀ láti abẹ́ ilẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ gbà mí. Ó jókòó lé mi nírù."

Bàbá Líádì wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Tíṣà ni."

Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan nínú igbó yẹn. Bàbá Líádì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Ó rọra gbé okùn sílẹ̀, ó rọra gbé ewé sílẹ̀, ó rọra yí padà. Lẹ́yìn náà kò rọra mọ́. Ẹsẹ̀ tó ti ń tiro láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ sàn lójú ọ̀nà yẹn. Nígbà tó délé, ó sọ fún àwọn ìyàwó rẹ̀ pé ẹran tí àwọn aládùúgbò bá fún àwọn ti tó lọ́dún yìí.

Àgbò jẹ ewé ọdán náà lórí ìjókòó. Kò dìde. Iwin ò tíì dákẹ́.

Òkété bẹ̀bẹ̀, Àgbò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. Iléyá dé, Iléyá lọ, ó ṣì wà lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, Òkété tu ẹkùrọ́ ọ̀tún, ó tu ti òsì, ó sunkún díẹ̀, ó fa ìrù rẹ̀ yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ara rẹ̀ gbẹ́ ẹnu kejì. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé nìyẹn.

Ó yọ lẹ́yìn èèsún, ó tín-ín-rín bí okùn. Ìdajì ìrù rẹ̀ sì ti funfun, bíi koríko tí òkúta jókòó lé fún ọjọ́ pípẹ́.

"Tíṣà, ẹ káàbọ̀," ni Àgbò wí, ẹni tó ti dìde lórí ihò torí pé iwin ti dákẹ́. "Iwin náà wá. Ó ní òun ni Tíṣà. A jókòó lé e bí ẹ ṣe kọ́ wa."

"Ẹ ṣe é dáadáa," ni Òkété wí.

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ ti yọjú sínú ihò. Ó mú ẹkùrọ́ kan jáde, ó wo àpá eyín tó wà lára rẹ̀, ó wo ẹnu Òkété, ó tún wo ìrù rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ bá wa kí iwin náà," ó ní. "Ẹ sọ fún un pé ebi ò pa wá mọ́."

Wọ́n kó ìyókù ẹrù wọn, wọ́n sì wọ inú igbó lọ. Òkété dá dúró. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ìdí ọ̀pẹ ṣì jìnnà. Nígbà tí kò rí ẹni tó ń wò ó mọ́, ó sùn sílẹ̀ gbalaja, ó fi etí kan ilẹ̀, ó sì dijú. Wọ́n ní ilẹ̀ ò tètè kí i.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní nǹkan tí ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀, ẹ kọ́kọ́ dá ẹnu kejì sí ihò yín. Ibi tí mo bá a dé nìyí. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, ẹ lọ wo ìrù òkété.